Ta Ló Ń Lé Ọ?

Ẹ ó mọ̀ mí. Èmi ni ẹni tó máa ń jókòó lápá òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí jìtá máa ń wà lórí itan rẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń ta jìtá nínú ìjọ wa ní Lọ́kọ́jà níbí. Láti bí oṣù mélòó kan ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń gba jìtá sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà nílé? Ṣé èèyàn lè ṣe é láìlọ sí stúdíò?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó ṣeé ṣe, pé kò le. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ fún wọn. Lónìí mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀: ohun tí ẹ nílò, ibi tí mo ti ṣìnà, àti ohun tí kọ̀ǹpútà fi hàn mí nípa ara mi, èyí tí n ò fẹ́ gbọ́ rárá.

Ìyá mi ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Kàbà ni Màmá ń gbé. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè rìnrìn àjò mọ́, nítorí náà wọn ò lè wá bá wa ṣe ìkórè bí wọ́n ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan lórí fóònù, wọ́n ní, "Ọmọ mi, orin tí o máa ń ta nígbà ọrẹ yẹn, fi ránṣẹ́ sí mi. Kí n máa gbọ́ ọwọ́ rẹ." Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú mi. Mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ amplifáyà, mo ta orin náà. Nígbà tí mo gbọ́ ọ padà, fáànù ni mo gbọ́ jù, lẹ́yìn rẹ̀ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, lẹ́yìn rẹ̀ ọmọ mi tó ń bèèrè oúnjẹ. Jìtá wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ooru Lọ́kọ́jà, ẹ gbà mí. Ta ló fẹ́ ti fèrèsé kó tún pa fáànù nínú oṣù kẹta, nítorí pé ó ń gba orin sílẹ̀? Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé inú wáyà ni jìtá mi máa gbà wọ kọ̀ǹpútà, kò ní gba inú afẹ́fẹ́ mọ́. Bí ohùn bá gba inú wáyà, fáànù lè máa fẹ́, ọmọ lè máa ké, kò sí èyí tó máa wọ inú orin.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyí. Mo ra wáyà kan tó so jìtá mọ́ ihò tí a máa ń ki máíkì bọ̀ lára láptọ́ọ̀pù. Ohùn tó wọlé dà bí ti ẹni tó fi aṣọ dí ẹnu, ariwo bí òjò sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo tó mọ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Lábẹ́ okùn jìtá oníná, mágínẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn irin bá ti ń gbọ̀n lókè rẹ̀, iná kékeré kan máa ń dìde nínú wáyà náà. Iná yẹn kò lágbára rárá. Wọn ò ṣe ihò máíkì láptọ́ọ̀pù fún irú rẹ̀, ṣe ló máa ń fà á mu, tí adùn rẹ̀ á sì tán.

Ohun tí ẹ nílò ni àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní audio interface. Focusrite ń ṣe é, Behringer ń ṣe é, àwọn mìíràn náà sì wà. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó: ó gbọ́dọ̀ ní ihò tàbí bọ́tìnì tí wọ́n kọ Inst tàbí Hi-Z sí. Ìyẹn ni ojú ọ̀nà jìtá. Àpótí yìí máa ń wọn iná jìtá yín ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, á sọ ọ́ di nọ́ńbà, á sì fi wáyà USB gbé e fún kọ̀ǹpútà. Ẹ tún nílò headphone, àti ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀. Reaper ni mo lò, nítorí pé wọ́n gba èèyàn láyè láti dán an wò fún ọjọ́ 60 kó tó sanwó. Bí láptọ́ọ̀pù yín bá ń lo Windows, tí àpótí náà kò sì ní dráífà tirẹ̀, ẹ wá ASIO4ALL, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ má ṣe fojú kéré oore yìí o. Nígbà tí Àyìndé Bákàrè fi iná sí jìtá nínú orin jùjú ní ọdún 1949, ẹni tó bá fẹ́ kí orin òun wà nínú àwo, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ lọ bá. Gbogbo ẹgbẹ́ á pé jọ, wọ́n á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Amẹ́ríkà, Les Paul àti ìyàwó rẹ̀, Mary Ford, gbé orin kan jáde ní ọdún 1951 tí Les Paul ti dá ta jìtá lé jìtá lórí, bí ẹni pé èèyàn púpọ̀ ló jókòó níbẹ̀, ó sì jẹ́ ohun ìyanu fún àwọn èèyàn. Lónìí, láptọ́ọ̀pù àlòkù lè ṣe iṣẹ́ yẹn lórí tábìlì oúnjẹ wa ní Felele.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn wàhálà tí mo bá pàdé, ní ẹsẹẹsẹ. Ẹ fọkàn sí bí mo ṣe ń wá ẹni tí mo máa di ẹ̀bi rù.

Èkíní ni pé ohùn mi máa ń fọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ta okùn gidi, á máa han bí abẹ̀bẹ̀ tó ya. Mo ní wáyà ló bàjẹ́. Mo ra òmíràn, kò yí padà. Àṣé èmi ni mo yí bọ́tìnì gain sókè jù. Nínú kọ̀ǹpútà, 0 ni òkè àjà. Ohùn tó bá kọjá ibẹ̀, wọ́n ti gé orí rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè lẹ̀ ẹ́ padà. Nítorí náà, ẹ ta jìtá yín pẹ̀lú gbogbo agbára tí ẹ máa fi ta á nínú orin, kí ẹ wá yí gain títí tí ibi tó ga jù lọ nínú rẹ̀ á fi máa kan nǹkan bíi -12. Á dà bíi pé ó kéré. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kéré, ẹ lè gbé e sókè lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n èyí tó ti fọ́ ti fọ́.

Èkejì ni ìkùn. Bí mo bá dákẹ́ láìta nǹkan kan, jìtá á máa kùn "mmmm" bí oyin. Mo ní iná ìjọba ló fà á. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, torí pé iná tí à ń lò ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, jìtá sì máa ń gbọ́ ọ. Àmọ́ nígbà tí mo yọ ṣájà kúrò lára láptọ́ọ̀pù, tí mo lo bátìrì nìkan, ìdajì ìkùn náà lọ. Nígbà tí mo sún kúrò nídìí ínfátà, tí mo sì yí ara mi díẹ̀ díẹ̀ lórí àga títí mo fi rí ibi tó dákẹ́ jù, ìyókù lọ. Iṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Mo ti fi oṣù kan bú iná.

Ẹ̀kẹta ló yọ mí lẹ́nu jù. Bí mo bá ta okùn, inú headphone á pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ, bí ìgbà tí èèyàn ń bá ará òkè òkun sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọwọ́ mi á wà níwájú, etí mi á wà lẹ́yìn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà máa ń kó nọ́ńbà jọ sínú apẹ̀rẹ̀ kan kó tó gbé e lọ, wọ́n ń pe apẹ̀rẹ̀ náà ní buffer. Tèmi wà ní 1024. Bí ẹ bá fi 44,100 pín in, ẹ ó rí i pé apẹ̀rẹ̀ kan gba nǹkan bí ìdá 23 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, á tún gba bẹ́ẹ̀ nígbà tí ohùn bá ń padà jáde. Mo dín in kù sí 128, ó di nǹkan bí ìdá mẹ́ta péré. Etí àti ọwọ́ bára mu.

Ẹ̀kẹrin ni pé jìtá tó gba inú wáyà wọlé máa ń gbẹ. Kò ní ara, torí pé amplifáyà àti sípíkà wà lára ohun tó ń fún jìtá oníná ní ohùn tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn ètò kan wà tó ń ṣe bí amplifáyà nínú kọ̀ǹpútà, òmíràn nínú wọn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ lò ó. Ẹ má kàn ṣe bíi tèmi. Nígbà tí mo rí ibi tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn bíi ti inú ihò àpáta sí i, mo da á lé orin lórí bí ẹni da epo sí ẹ̀wà. Mo ní ó dùn. Ṣe ni mo fi bo ọwọ́ tí kò dán.

Mo fi èyí ránṣẹ́ sí Màmá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ wọn fi fóònù gbé e sí wọn létí. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n pè mí. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n súre, wọ́n ní jìtá náà dùn. Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ta ló ń lé ọ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, láptọ́ọ̀pù ni o. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dàrú." Wọ́n ní, "Ó dáa. Sọ fún láptọ́ọ̀pù kó máa rọra."

Ẹ̀yin ará mi, mo parọ́ fún ìyá mi. Mo ti tún buffer ṣe kí n tó gba orin yẹn. Láptọ́ọ̀pù kò ní ẹjọ́ kankan níbẹ̀.

Lóru ọjọ́ náà mo tan ohun tí wọ́n ń pè ní click. Kò ju ìró "kọ́, kọ́, kọ́" kan báyìí tí kọ̀ǹpútà máa ń lù sí èèyàn létí, kí ó lè mọ bí orin ṣe ń rìn. N ò lò ó rí. Èrò mi ni pé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, ó ṣe tán mo ti ta jìtá níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Mo fi sí 92 láàárín ìṣẹ́jú kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin ọrẹ. Ẹsẹ kìíní, a jọ ń rìn. Kí ẹsẹ kejì tó parí, mo ti fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lẹ́yìn. Mo dúró, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ibì kan náà ni mo ti tún sá. Mo wá kó orin tí mo fi ránṣẹ́ sí Màmá jáde, mo ka á lójú ìlà orí kọ̀ǹpútà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlù mẹ́rìndínlógún gba ìṣẹ́jú àáyá 10.4. Nígbà tó fi máa di ẹsẹ kẹrin, 9.2 ni. Mo bẹ̀rẹ̀ ní 92, mo parí ní 104. Kò sí wáyà tó bàjẹ́. Kò sí ìkùn. Kò sí gbohùngbohùn tí mo lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Mo ti tún gbogbo nǹkan ṣe tán, ó wá ku ọwọ́ mi.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, n ò bá má kọ ìwé yìí. Mo lè máa fi click kọ́ ara mi ní kọ̀rọ̀ yàrá, kò sí ẹni tí ì bá gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ lóru, orúkọ ẹnì kan bọ́ sí mi lọ́kàn.

Díẹ̀ nínú yín á rántí. Ní ìparí ọdún 2022, lẹ́yìn ìkún omi ńlá yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń lu ìlù òyìnbó fún wa. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin, níwájú gbogbo èèyàn, mo dìde, mo ní ọmọ náà ń fa orin sẹ́yìn. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ wúwo, pé òun ni ìsìn wa kì í ṣe í já geere, pé bí kò bá lè múra, kó fi ipò sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò fèsì. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó wá ní ọjọ́ Ìsinmi méjì sí i, lẹ́yìn náà a ò rí i nídìí ìlù mọ́. Nígbà tó yá, a ò rí i nínú ìjọ mọ́. A sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ò ní sùúrù.

Mo lọ bá àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ nínú ìjọ, mo tọrọ ìsìn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Mo kó o sínú láptọ́ọ̀pù, mo fẹ̀ ẹ́ lójú ìlà. Mo fi ojú ara mi rí i. Jìtá á kọ́kọ́ lù, ìlù á tẹ̀ lé e. Jìtá á sún síwájú, ìlù á sáré bá a. Ìgbà gbogbo báyìí. Jésù sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wo ẹ̀ẹ́rún igi lójú arákùnrin rẹ̀, tí ìtì igi sì wà lójú òun alára. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, n ò rí àwòrán rẹ̀ rí àfi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lọ bá a. Ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Old Market ló wà báyìí. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Mo gbé láptọ́ọ̀pù lé tábìlì rẹ̀ láàárín àwọn fóònù tó fọ́, mo fún un ní headphone. Ó gbọ́ ọ, ó wo ìlà náà, kò tiẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ láti ìgbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa ń sáré. Èmi máa ń sáré tẹ̀ lé yín kí orin má baà dàrú lójú ìjọ."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ nínú ìpàdé. Ó ní, "Ta ló máa gbà mí gbọ́?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́. Mo rò pé ó ti parí, mo ń palẹ̀ láptọ́ọ̀pù mọ́. Ó wá bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé, "Ṣé ẹ ti sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

N ò rí èsì fún un. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́, kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mo wá tọrọ àforíjì. Ìdí tí ẹ fi ń ka ìwé yìí nìyẹn. Mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin, mo wá ń sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ: ọmọ yẹn kò fa orin sẹ́yìn rí. Èmi ni mo ń sá. Ó gbà pé kí n kọ ọ́, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun.

Kò tíì padà sí ìjọ, n ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ fúngun mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá ó wá sílé wa ní Felele. Ó fi ọwọ́ lu etí tábìlì, mo gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú máíkì, mo wá ta jìtá lé e lórí, pẹ̀lú click létí àwa méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dá mi dúró. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, a jọ bẹ̀rẹ̀, a jọ parí. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo fi orin náà ránṣẹ́ sí Kàbà. Màmá ní, "Ẹni tó ń lé ọ ti padà lẹ́yìn rẹ nìyẹn." Mo sọ òtítọ́ fún wọn nípa láptọ́ọ̀pù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ, ẹ wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìfidánrawò. Ẹ má dúró de ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹni tó bá ní jìtá, kó gbé e wá pẹ̀lú wáyà rẹ̀, interface mi á tó gbogbo wa lò. A ó kọ́kọ́ yọ ṣájà, a ó rọ gain sílẹ̀, a ó dín buffer kù. Lẹ́yìn náà a ó tan click, kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.